Bàtà Tí Kò Bá Olówó Rẹ̀ Sọ̀kalẹ̀

Bàtà Màmá ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ìyá Ìbejì, tó ń tọ́jú yàrá àwọn èrò, ti fẹ́ jáde kúrò nínú yàrá náà kí ojú rẹ̀ tó bọ́ sí i. Omi tútù lásán ló wá gbé kalẹ̀, nítorí èrò tó bá ń lọ ìrìn àjò méjì léraléra, wọn kì í tú yàrá rẹ̀ lọ́jọ́ ìpààrọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mú tọ́wẹ́ẹ̀lì kan tó já bọ́ sílẹ̀, ló bá rí wọn: bàtà dúdú méjì, wọ́n fẹ̀ bẹ̀ǹbẹ̀, wọ́n ti fi ọ̀bẹ la ẹ̀gbẹ́ wọn kí ẹsẹ̀ wíwú lè ráyè nínú wọn. Wọ́n tò jẹ́jẹ́, bí ọmọ tí wọ́n ní kó jókòó de ìyá rẹ̀.

Ó dìde, tọ́wẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́.

Bàtà kan ṣoṣo tí Màmá lè wọ̀ rìn nìyẹn. Ó ti sọ fún un lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ pé, "Ọmọ mi, bí o bá ń gbálẹ̀, má gbé bàtà mi jìnnà o. Bó bá sọ nù, ìwọ lo máa pọ̀n mí títí a ó fi délé." Àwọn méjèèjì sì jọ rẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ka káàdì èrò lẹ́nu ọ̀nà ti sọ pé Màmá sọ̀kalẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀ ní agogo mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ rí kò lè mọ ohun tójú ń rí lọ́jọ́ ìpààrọ̀. Ní agogo mẹ́fà àárọ̀, ọkọ̀ á gúnlẹ̀. Ẹrù tí àwọn èrò ti gbé sẹ́nu ilẹ̀kùn wọn lálẹ́ àná á ti ṣáájú wọn dé èbúté. Ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn á sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀, ẹgbẹ̀rún méjì mìíràn á gòkè lọ́sàn-án, láàárín méjì yẹn ni wọn á tú gbogbo bẹ́ẹ̀dì, tí wọn á fọ gbogbo ilé ìwẹ̀, tí wọn á kó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan wọlé. Kódà àwọn tí ń bá ọkọ̀ lọ lẹ́ẹ̀kejì gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n jókòó sí gbọ̀ngàn èbúté, títí ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà yóò fi kà á pé kò ku èrò kan ṣoṣo nínú ọkọ̀. Òfo ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Bí ẹ̀rọ kò bá tíì ka òfo, àlejò tuntun kankan kò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kan àtẹ̀gùn.

Lónìí, ó ka òfo ní agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀gá ẹnu ọ̀nà tilẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Nísinsin yìí, agogo kan ku ogún ìṣẹ́jú. Ní agogo mẹ́rin, ọkọ̀ yóò ṣí kúrò ní èbúté. Ìyá Ìbejì gbá bàtà náà mọ́ àyà bí ẹni gbé ìkókó, ó sì sáré gba ọ̀nà àtẹ̀gùn lọ. "Olúwa," ló ń sọ lábẹ́ èémí, "má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ ohun tí mo ń rò yìí."

*

Bàbá Pẹ̀lẹ́ ni olórí aláàbò ọkọ̀ náà. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá kó tó fẹ̀yìn tì. Pẹ̀lẹ́ ló máa ń kí gbogbo ènìyàn, títí kan olè. Àwọn òṣìṣẹ́ a máa ṣe yẹ̀yẹ́ pé bó bá ti kí ọ ní pẹ̀lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kí o yáa jẹ́wọ́ kí ẹsẹ̀ rẹ lè sinmi. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, irun rẹ̀ funfun báláú, a sì máa kùn orin ìsìn lábẹ́ imú nígbà tó bá ń ronú. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe burú tó ni orin náà ṣe máa ń lọ sílẹ̀ tó.

Nígbà tí Ìyá Ìbejì wọ ọ́fíìsì rẹ̀, orin náà ti lọ sílẹ̀ púpọ̀.

Ènìyàn méjì ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Èkíní ni ọmọbìnrin Màmá, ẹni ọdún bíi márùndínláàádọ́ta. Ó ti dúró sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ọkọ̀ láti agogo méje, súwẹ́tà tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun fún ìyá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọ̀rá. Ó ti wo ojú ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn bí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀. Kò rí ìyá rẹ̀ láàárín wọn.

Ìyá Ìbejì mọ ìtàn rẹ̀, nítorí fóònù òun gan-an ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ọdún mẹ́sàn-án ni ìyá àti ọmọ kò fi rí ara wọn. Ojú Màmá ti ṣú, kò lè ka lẹ́tà mọ́. Àbúrò olóògbé ọkọ rẹ̀ ló ń kà á fún un, òun náà ló ń bá a kọ èsì. Ohun tó kà fún ìyá ni pé ọmọ ní òun kò fẹ́ fojú kàn án mọ́. Ohun tó sì kọ sí ọmọ ni pé ìyá ní òun kò bí i. Ilé tí olóògbé fi sílẹ̀ ló ń gbé, bí ìyá àti ọmọ bá sì rẹ́, kò ní sí àyè fún un níbẹ̀. Lọ́jọ́ márùn-ún sẹ́yìn, Màmá yọ bébà kan jáde nínú ìwé orin rẹ̀, nọ́ńbà kan wà lórí rẹ̀, ó bẹ Ìyá Ìbejì pé kó bá òun tẹ̀ ẹ́. Bí ohùn ọmọ ti dáhùn, Màmá fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Wọ́n jọ ṣàdéhùn ọjọ́ ìpààrọ̀, agogo mẹ́sàn-án, ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

Ẹnì kejì nínú ọ́fíìsì ni àbúrò olóògbé fúnra rẹ̀. Ọkùnrin tó sanra níwọ̀nba, tó mọ aṣọ í wọ̀. Òun ló ra ìrìn àjò méjì náà fún Màmá, ó ní kó lọ sinmi. Ó ń sọ fún Bàbá Pẹ̀lẹ́ pé òun àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun ni àwọn jọ sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀, pé ní gbọ̀ngàn èbúté ni Màmá ti ní òun ń lọ bá ọmọ òun, àti pé láti ìgbà náà òun kò tún gbúròó rẹ̀.

"Ẹ bi ọmọ rẹ̀," ló wí, ó nàka sí obìnrin náà láìwò ó. "Ọmọ tó fi ìyá sílẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án, kí ni kò lè ṣe?"

Ọ̀rá ọwọ́ ọmọbìnrin Màmá ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́.

"Pẹ̀lẹ́, sà," ni Bàbá Pẹ̀lẹ́ wí. "Bàtà wo ni Màmá wọ̀ sọ̀kalẹ̀?"

"Dúdú. Èyí tó máa ń wọ̀."

Ìyá Ìbejì gbé bàtà náà ka orí tábìlì.

Àbúrò olóògbé wo bàtà, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ó lè jẹ́ pé ó wọ òmíràn," ló sọ. "Obìnrin, ta ló lè ka bàtà wọn? Ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù di agogo méjì, bóyá ó máa padà wá fúnra rẹ̀."

Bàbá Pẹ̀lẹ́ fi ìka kan ibi tí ọ̀bẹ ti la ẹ̀gbẹ́ bàtà, ó sì yíjú sí Ìyá Ìbejì. Ó bi í bóyá kọ́kọ́rọ́ tàbí káàdì yàrá kankan wà ní ìta, lọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n Ìyá Ìbejì. Ó rí àwọn ìbejì rẹ̀ lójú inú, lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ nílé, pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù iléèwé wọn.

"Rárá, sà," ló wí. "Gbogbo rẹ̀ pé."

*

Irọ́ ni. Gbogbo rẹ̀ kò pé.

Lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, àbúrò olóògbé ké pé ìdun ń jẹ òun ní yàrá kẹrìnlá, yàrá tó kángun sí ti Màmá, tí ògiri rẹ̀ kò nípọn tó láti dá ohùn fóònù dúró. Wọ́n gbé e lọ sí yàrá mìíràn lódì kejì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Iṣẹ́ Ìyá Ìbejì ni láti gba káàdì yàrá kẹrìnlá lọ́wọ́ rẹ̀, kó dá a padà, kó fọwọ́ sí ìwé. Ọkùnrin náà ní òun ṣì ń wá òrùka kan níbẹ̀, pé òun máa fún un lọ́la. Nítorí ọ̀gá ń kánjú gba ìwé, ó fọwọ́ sí i pé òun ti gbà á. Ọ̀la kọjá, ọ̀túnla kọjá. Lẹ́nu iṣẹ́ wọn, ẹni tó bá fọwọ́ sí káàdì tí kò rí, ọjọ́ náà gan-an ló máa kó ẹrù rẹ̀. Ó ní òun á gbà á kó tó di ọjọ́ ìpààrọ̀. Ọjọ́ ìpààrọ̀ wá dé, ó bá a láìrójú láìráyè.

Yàrá tí ó ṣófo ni, ló ń sọ fún ara rẹ̀ bó ti ń tẹ̀lé Bàbá Pẹ̀lẹ́. Yàrá tí wọ́n ti lẹ téèpù mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ yíká nítorí ìdun. Kí ló kàn án nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Bàbá Pẹ̀lẹ́ ti pàṣẹ pé kí wọ́n dá àwọn àlejò tuntun dúró sí yàrá ìjẹun lókè, kí àwọn aláàbò sì ṣí gbogbo ilẹ̀kùn wò. Òun fúnra rẹ̀ lọ bá Aláṣíá, ọkùnrin tó máa ń gbé àsíá kékeré ṣáájú àwọn tó ń bá ọkọ̀ lọ lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n má bàa ṣìnà. Ọlọ́yàyà ènìyàn ni, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Àmọ́ bí Bàbá ti ní kó ṣàlàyé bó ṣe kó ènìyàn méjìdínlógún kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rín náà wọlé lọ.

Ó ní àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú wọn. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá dúró wá káàdì nínú àpò, èrò á há sẹ́nu ọ̀nà. Nítorí náà, nídìí oúnjẹ àárọ̀ ló ti máa ń gba káàdì gbogbo wọn, á dì í bíi páálí ayò, á sì máa fi wọ́n kan ẹ̀rọ níkọ̀ọ̀kan. Píì, píì, píì, ó ti parí. Ọ̀gá ẹnu ọ̀nà kì í janpata, nítorí òun náà fẹ́ kí òfo tètè dé.

"O ka káàdì," ni Bàbá wí. "Ṣé o ka orí?"

Aláṣíá ní àbúrò olóògbé ló mú káàdì méjì wá, tirẹ̀ àti ti Màmá, ó ní ẹsẹ̀ ń dun ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun, pé ó ń rọra bọ̀ lẹ́yìn. Òun bojú wẹ̀yìn, òun rí àwọn obìnrin àgbàlagbà mẹ́rin tàbí márùn-ún.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, omi ti lé sí i lójú, "ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀."

Bàbá Pẹ̀lẹ́ gbé ọwọ́ lé e léjìká. Nígbà tí wọ́n jáde, ó dúró díẹ̀, ó wo Ìyá Ìbejì.

"Kò sọ̀kalẹ̀," ló wí jẹ́jẹ́. "Káàdì rẹ̀ ló sọ̀kalẹ̀. Màmá wà nínú ọkọ̀ yìí láti àárọ̀, ẹ̀rọ sì ti búra fún gbogbo ayé pé kò sí. Ta ló máa wá ẹni tí kò sí?"



*

Ilé ìfọṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ sáré lọ. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ aṣọ ìdọ̀tí ti sọ pé kẹ̀kẹ́ kan wà tó wúwo ju bó ti yẹ lọ, òun sì ti gbé e jù sí kọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ pátápátá ni ibẹ̀ wà. Ooru ń bù jáde, ẹ̀rọ ń hó, aṣọ bẹ́ẹ̀dì ẹgbẹ̀rún méjì sì tò ní òkìtì òkìtì bí ibojì funfun. Ọmọbìnrin Màmá tẹ̀lé wọn. Àbúrò olóògbé náà tẹ̀lé wọn, ó ní òun kò lè jókòó sójú kan.

Kẹ̀kẹ́ náà wà lẹ́yìn òpó. Àwọn aṣọ orí rẹ̀ ń gbéra sókè díẹ̀, wọ́n ń wálẹ̀ padà. Ohun kan ń mí nísàlẹ̀ wọn.

Ọmọbìnrin Màmá di apá Ìyá Ìbejì mú débi pé èékánná wọlé. Bàbá Pẹ̀lẹ́ ká aṣọ àkọ́kọ́, ó ká èkejì. Ìkẹta ló ṣí orí kan sílẹ̀, orí tó pá, tó ń dán fún òógùn. Ọ̀kan nínú àwọn afọṣọ ni, ó ká sínú kẹ̀kẹ́, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Ọkùnrin náà ta jí. "Mi ò sùn o, sà," ló wí kíá. "Àdúrà ni mò ń gbà."

"Pẹ̀lú ìhanrun?"

"Àdúrà náà wọra ni, sà. Agogo mẹ́ta òru la ti wà lẹ́nu iṣẹ́."

Lọ́jọ́ mìíràn, gbogbo wọn ì bá ti rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi dùn wọ́n. Lónìí, ọmọbìnrin Màmá kàn fi ẹ̀yìn ti òpó, ó ń sọkún láìdún. Àbúrò olóògbé tún wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ afọṣọ náà bóyá aago ara ògiri wọn péye, bóyá méjì kò tíì lù.

Bàbá Pẹ̀lẹ́ gbọ́. Orin abẹ́ imú rẹ̀ dákẹ́ pátápátá.

"Pẹ̀lẹ́, sà," ló wí fún un lẹ́ẹ̀kejì.

*

Agogo méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá nígbà tí wọ́n padà dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí yàrá Màmá wà. Àwọn aláàbò ti ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. Wọ́n ti wo inú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ti wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti wo inú ọkọ̀ àsálà tó so kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí Màmá. Yàrá kan ṣoṣo tí wọn kò ṣí ní ìhà yìí ni yàrá kẹrìnlá. Téèpù pupa ló yí ilẹ̀kùn rẹ̀ ká láti òkè délẹ̀, kò já níbì kankan. Wọ́n ní bó bá jẹ́ pé ẹnì kan wọlé síbẹ̀, téèpù ì bá ti já.

Ìyá Ìbejì gbọ́, ọkàn rẹ̀ sì fara balẹ̀ díẹ̀. Téèpù kò já.

Bàbá Pẹ̀lẹ́ dojú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan dé láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó lé e, bí ẹni tó ní gbogbo ọjọ́. Ó ní kí àbúrò olóògbé jọ̀wọ́ sún mọ́ òun.

"Agogo mélòó ni ọkọ̀ yìí ń ṣí, sà?"

"Mẹ́rin. Gbogbo wa la mọ̀."

"Ẹni tí ènìyàn rẹ̀ bá sọ nù nínú ọkọ̀ tó fẹ́ lọ, mẹ́rin ló yẹ kó máa lé e kiri. Ọmọ yìí ti béèrè mẹ́rin lọ́wọ́ mi nígbà mẹ́fà. Ẹ̀yin kò béèrè mẹ́rin rí. Ní ọ́fíìsì mi, ẹ ní ká ṣe sùúrù di méjì. Nílé ìfọṣọ, ẹ ń béèrè bóyá méjì ti lù. Méjì wo lẹ ń dúró dè?"

"Ẹnu ló kàn sọ ọ́," ni àbúrò olóògbé wí. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ó kàn fi ọwọ́ kan bo aago tó wà ní ọwọ́ kejì.

Bàbá yíjú sí Ìyá Ìbejì. "Ọmọ mi, kọ́ mi níṣẹ́ rẹ. Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ní agogo méjì?"

Ó ní ìgbà náà ni yàrá gbọ́dọ̀ ti pé fún àlejò.

"Àti kí ni?"

Ó fẹ́ sọ pé kò sí mọ́. Nígbà náà ni ojú rẹ̀ lọ sí téèpù pupa, sí ihò kékeré tí wọ́n fi sílẹ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ihò tí ó tó kí rọ́bà kan gbà wọlé. Ó rántí ara rẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, tó ń fi ẹ̀rín tu àlejò nínú. Ó ní, "Ẹ má dààmú, sà. Lọ́jọ́ ìpààrọ̀, agogo méjì gééré, wọ́n máa fín òògùn sí i. Ohun ẹlẹ́mìí kankan kò ní yè níbẹ̀."

Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Fún ọkùnrin yìí.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n lónìí, tẹlòmíràn ló fẹ́ bá a dákẹ́. Ó rí àwọn ìbejì lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì rí bàtà tó la lẹ́gbẹ̀ẹ́. Orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀.

"Bàbá, mo purọ́ fún yín," ló wí, ó nàka sí àbúrò olóògbé. "Káàdì yàrá kẹrìnlá kò sí lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ wọn ló wà. Ọwọ́ wọn ló ti wà láti ọjọ́ mẹ́ta."

Bàbá Pẹ̀lẹ́ ti dìde. "Ìgbà wo ni wọ́n lẹ téèpù yìí?"

"Agogo mẹ́wàá ààbọ̀."

"Lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti gbé Màmá síbẹ̀," ni Bàbá wí. "Téèpù kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti wọlé. Wọ́n fi dí i mọ́nú ni."

Bí ọ̀rọ̀ náà ti ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni wọ́n gbọ́ ọ. Ohùn kan ń hó láti ẹ̀yìn ọ̀nà tó yípo, bí ejò ńlá tó ń mí. Aṣọ dúdú kan yọ láti igun. Afínkòkòrò ni, agolo òògùn lẹ́yìn rẹ̀, ìbòjú rọ́bà lójú rẹ̀, ohun tí ó dí etí rẹ̀ mọ́ ariwo ẹ̀rọ wà ní etí méjèèjì. Ebi ń pa á, ó fẹ́ tètè jẹun, kò dúró de méjì. Kí ẹnikẹ́ni tó sún, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ilẹ̀kùn kẹrìnlá, ó ti ki ẹnu rọ́bà bọ ihò náà, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Ọmọbìnrin Màmá ló pariwo. Ọkùnrin náà kò gbọ́.

Ìyá Ìbejì kò mọ bó ṣe dé ibẹ̀. Ó kàn mọ̀ pé òun ti fi gbogbo ara gbá afínkòkòrò ṣubú, òun sì ti ń fi eyín àti èékánná ya téèpù. Kọ́kọ́rọ́ iṣẹ́ rẹ̀, tó ń ṣí gbogbo yàrá, ṣí ilẹ̀kùn. Èéfín funfun yọ sí i lójú, ó ta bí ata. Bàbá Pẹ̀lẹ́ na ọwọ́ láti fà á sẹ́yìn, àmọ́ ó ti kó èémí sínú, ó ti di ojú, ó ti wọlé.

Kò nílò ojú níbẹ̀. Oṣù mọ́kànlá ló ti fi ń tọ́jú yàrá náà lójoojúmọ́. Ẹsẹ̀ mẹ́rin dé igun bẹ́ẹ̀dì. Ẹsẹ̀ méjì sí ọ̀tún dé ẹnu ilé ìwẹ̀. Ó ṣí i, ó fọwọ́ wá ilẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì bá ẹsẹ̀ ènìyàn, ẹsẹ̀ wíwú tó wọ sìlípáàsì funfun ọkọ̀. Ẹsẹ̀ náà tutù.

Àyà rẹ̀ ń jó. Kò lè gbé Màmá. Ó fa ọ̀rá ńlá tí wọ́n fi bo bẹ́ẹ̀dì bọ́ sílẹ̀, ó yí Màmá sórí rẹ̀, ó so etí rẹ̀ méjì pọ̀ bí wọ́n ti máa ń so ìdì aṣọ ìdọ̀tí, ó sì wọ́ ọ, ó fi ẹ̀yìn rìn, gẹ́gẹ́ bó ti ń wọ́ ìdì aṣọ méjìdínlógún jáde lọ́jọ́ ìpààrọ̀ gbogbo. Ní ẹnu ilẹ̀kùn ni èémí rẹ̀ ti tán. Ọwọ́ púpọ̀ sì gbà wọ́n.

Nígbà tó lajú, Bàbá Pẹ̀lẹ́ wà lórí orúnkún, etí rẹ̀ lé àyà Màmá.

"Ó ń lù," ló wí. "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run alààyè. Ẹ pe dókítà, ó ń lù."

Àbúrò olóògbé ti ń fẹ̀yìn rìn lọ sí ìdí àtẹ̀gùn. Àwọn aláàbò méjì dúró níbẹ̀. Bàbá dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó sì lọ bá a.

"Pẹ̀lẹ́, sà," ló wí lẹ́ẹ̀kẹta.

Ọkùnrin náà fi ẹ̀yìn ti ògiri. Nínú àpò rẹ̀ ni wọ́n ti rí káàdì yàrá kẹrìnlá àti káàdì Màmá, àti ìgò òògùn oorun kékeré kan tó ti dín dé ìdajì. Ó gbìyànjú láti sọ pé òun kò lérò ikú, pé òun kàn fẹ́ kó sùn títí ọmọ á fi bínú lọ. Bàbá Pẹ̀lẹ́ bi í pé bó bá jẹ́ oorun nìkan ni, kí ló dé tí kò fi sọ̀rọ̀ nígbà tí rọ́bà wọ ihò.

Ká ní òkú Màmá ni wọ́n bá lọ́la lójú agbami, gbogbo ènìyàn ì bá ti sọ pé ojú rẹ̀ tó ṣú ló ṣì í lọ́nà wọ yàrá kejì. Ẹ̀bi ì bá ti dé orí Aláṣíá, àti orí ẹni tó fọwọ́ sí káàdì.

*

Yàrá dókítà tutù, ó sì mọ́lẹ̀. Agogo mẹ́ta ti kọjá nígbà tí ìpéǹpéjú Màmá gbọ̀n. Ọmọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ kan mú. Ìyá Ìbejì dúró lẹ́bàá ògiri, bàtà tó lọ gbé wá láti ọ́fíìsì lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ wú, ó ń wúkọ́. Màmá la ojú díẹ̀, ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Bàtà mi dà?" ló wí.

Ọmọ rẹ̀ bú sẹ́kún àti ẹ̀rín pọ̀. Ó gba bàtà náà lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì, ó kúnlẹ̀, ó sì wọ̀ ọ́ sí ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí ẹni ń wọ bàtà fún ọmọ kékeré. Màmá nawọ́, ó fọwọ́ wá ojú rẹ̀, ó ń fi ìka ka imú àti ìpéǹpéjú bí ẹni ń ka lẹ́tà tí kò sí ẹni tó máa bá a kà á mọ́.

Lóde, Bàbá Pẹ̀lẹ́ ń kọ ìròyìn ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀gá ọkọ̀. Ó sọ fún Ìyá Ìbejì láìfi pamọ́ pé gbogbo rẹ̀ lòun kọ síbẹ̀, káàdì tó fọwọ́ sí láìrí àti irọ́ tó pa, nítorí òun kò lè fi irọ́ gba olóòótọ́ là. Ó ní òun sì kọ èyí tó kù, wákàtí tó jẹ́wọ́ àti ẹni tó wọ inú òògùn. Ọ̀gá ọkọ̀ ló máa dájọ́.

"Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá," ló wí.

"Ó yẹ kó bà ọ́," ló dáhùn. "Ó ti ń bà ọ́ látọjọ́ mẹ́ta. Àmọ́ lónìí, o fi í sẹ́yìn, o wọlé. Lọ, yàrá méje ṣì kù fún ọ."

Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí ọkọ̀ ṣí nígbà tí wọ́n ti Màmá dé ẹnu ọ̀nà lórí àga oníkẹ̀kẹ́, súwẹ́tà tuntun lọ́rùn rẹ̀. Ó ní òun kò ní jókòó kọjá níbẹ̀. Ó dìde pẹ̀lú bàtà rẹ̀, ọmọ rẹ̀ dì í mú lápá kan, ó fọwọ́ ara rẹ̀ fi káàdì kan ẹ̀rọ. Ọ̀gá ẹnu ọ̀nà tẹjú mọ́ àwòrán, ó tẹjú mọ́ ọn, ó tún wo àwòrán.

Ẹ̀rọ náà ké píì. Lọ́tẹ̀ yìí, ènìyàn bá káàdì lọ.

Lókè lọ́hùn-ún, Ìyá Ìbejì ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó kẹ́yìn. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá tó ṣófo náà, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Kò tíì tì í. Ó padà wọlé, ó ṣí ilé ìwẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ṣé ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀?" ló béèrè.

Ó dúró títí tó fi dá a lójú pé kò sí ẹni tó dáhùn.